Òkò Tí A Sọ Sí Ọjà

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ rere nìkan ni ènìyàn gbọdọ̀ máa ròyìn fún ọ̀rẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ìbá wà nínú mi títí láé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ìyá kan lè di ẹ̀kọ́ fún ogún ìyá. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe sí igi ìgbábọ́ọ̀lù ọmọ mi, àti bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe kọ́ mi ní ohun tí ó yẹ kí èmi kọ́ ọ.

Ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa obìnrin fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń pè ní sọ́fítíbọ́ọ̀lù. Eré náà kì í ṣe ti àná. Ní ìlú Chicago ní 1887 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ilé: ìbọ̀wọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n dì ṣe bọ́ọ̀lù, ọ̀pá ìgbálẹ̀ ni wọ́n sì fi gbá a. Lónìí, eré àwọn ọmọbìnrin ni ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ìwé. Láti ìgbà tí òfin Title IX ti dé ní 1972, èyí tí ó sọ pé ilé-ìwé tí ó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin, ọ̀nà túbọ̀ ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin láti ipasẹ̀ eré ìdárayá rí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà ní yunifásítì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá tí ó bá gbọ́ irú èyí, etí rẹ̀ yóò nà.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá a. Ọmọbìnrin kan, tí a ó máa pè ní ajùbọ́ọ̀lù, dúró láàárín pápá. Yóò yí apá rẹ̀ po láti ìsàlẹ̀, yóò sì ju bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè sí ọmọbìnrin mìíràn tí ó mú igi dání. Bí ẹni tí ó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù náà lọ, yóò sáré. Ní ilé-ìwé girama, ẹsẹ̀ bàtà 43 péré, nǹkan bí mítà 13, ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Báàtì ni wọ́n ń pe igi náà. Gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 34 lọ. Ní àtijọ́, igi gidi ni. Lẹ́yìn náà ni alumíníọ́mù dé. Lónìí, èyí tí gbogbo ọmọ ń fẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpósíìtì. Òwú kábọ́nù ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n tò ní ìpele-ìpele, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi iná mú un le. Owó rẹ̀ kò kéré. Dọ́là 350 ni èmi àti ọkọ mi san lórí èyí tí a rà fún ọmọ wa.

Ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀ ni pé kì í wúlò tán ní ọjọ́ tí a rà á. Alumíníọ́mù, bí o bá ti gbé e kúrò ní ìsọ̀, o lè bọ́ sí pápá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpósíìtì dà bí bàtà awọ tuntun tí ń ta ẹsẹ̀: a ní láti mú un rọ̀. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bà á léraléra ni gọ́ọ̀mù tí ó wà láàárín àwọn òwú rẹ̀ ń sán wẹ́wẹ́, ní ọ̀nà tí ojú kò lè rí. Nígbà náà ni ara rẹ̀ yóò máa tẹ̀ díẹ̀, tí yóò sì máa ta bọ́ọ̀lù padà, gẹ́gẹ́ bí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì ṣe ń ta àwọn ọmọ tí ń fò lórí rẹ̀ sókè.

Nígbà tí ọmọ mi kọ́kọ́ lo báàtì náà, bọ́ọ̀lù kò lọ jìnnà. Ó ń dún pá, pá, bí ìgbà tí a ń fi ọmọ odó lu pákó. Ọwọ́ ń dùn ún. Mo bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Yóò rọ̀." Ọmọ ní sùúrù, ìyá ni kò ní. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó kù tí ìdíje kan yóò fi bẹ̀rẹ̀, a sì ti gbọ́ pé àwọn olùkọ́ eré láti yunifásítì yóò wá wòran.

Obìnrin kan tí a jọ máa ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ pápá ni ó sọ ọ́ sí mi létí pé ọkùnrin kan wà tí ó ní ẹ̀rọ tí ń mú báàtì rọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọmọ mi wà ní ilé-ìwé, mo gbé báàtì rẹ̀ lọ. Ọ̀pá irin róbótó méjì ni ẹ̀rọ náà ní, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún omi kúrò lára aṣọ. Ọkùnrin náà ki báàtì bọ àárín wọn, ó fún un mọ́lẹ̀, ó ń yí i, ó ń yí i. Mo gbọ́ tí ó ń ké wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́. Nígbà tí ó ṣe tán, ó bi mí bóyá kí òun ṣí orí rẹ̀ kí òun sì fá inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò jùlọ. Mo ní rárá o, n kò ṣe irú ìyẹn. Mo sì ń yin ara mi bọ̀ lọ́nà, bí ẹni tí ó jí ẹran méjì nínú ọbẹ̀ tí ó ń dúpẹ́ pé òun kò jí mẹ́rin.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi mú báàtì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí bàbá rẹ̀ ta àwọ̀n sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ó dúró. Ó fi ìka tọ ara báàtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ta ló fọwọ́ kan báàtì mi?"

Mo ní, "Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?"

Ó ní, "Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Lánàá ó ń dún bí igi. Lónìí ó ń dún bí ìkòkò tí ó ti sán."

Mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò bínú nítorí owó wa. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ẹ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúró síwájú báàtì yìí lọ́la?" Ó sì dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ajùbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ tiwọn, ọmọ tí ń wá jẹ dòdò nílé mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Orí àwọn ọmọ ìlú mìíràn ni mo rò pé mo ń ju òkò mi sí. Orí ọmọ tí ń jẹun nínú àwo mi ni ì bá ti kọ́kọ́ bà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn, ẹnì kan ni ó bí òun náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ mi ṣàlàyé òfin fún mi. Àjọ USA Softball, tí ó ń jẹ́ ASA kí 2017 tó dé, ní ìwọ̀n tí báàtì kò gbọdọ̀ kọjá. Ní yàrá ìwádìí kan ní Washington State University, ẹ̀rọ tí ó dà bí ìbọn ńlá máa ń fi afẹ́fẹ́ ta bọ́ọ̀lù lu báàtì, wọn a sì wọn bí bọ́ọ̀lù náà ti ta padà tó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò bí bọ́ọ̀lù tí a fi báàtì náà gbá yóò ṣe yára tó. Kò gbọdọ̀ ju máìlì 98 ní wákàtí kan lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 158. Báàtì tí ó bá yege ni wọ́n ń gba láàyè kí a tẹ àmì àjọ náà sí lára.

Ẹ wá padà sí ẹsẹ̀ bàtà 43 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bọ́ọ̀lù tí ó bá fi ìyára máìlì 98 kúrò lára báàtì kò ní lo ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé ibi tí ajùbọ́ọ̀lù dúró sí. Ajùbọ́ọ̀lù náà sì máa ń gbé ẹsẹ̀ síwájú nígbà tí ó bá ń jù ú, nítorí náà ó tún súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lè má tíì ṣẹ́ tán kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Báàtì tí ó tọ́ sí òfin ni mo ń sọ yìí o. Ti ẹni tí ó tún ti mú un kọjá ìwọ̀n ńkọ́?

Bóyá ẹ ó bi mí bí èmi náà ti bi ọmọ mi pé, bí báàtì bá ń rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ni ó burú nínú kí a bá a yára? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn kì í kàn yára. Ó lè mú báàtì kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dé, láìsí ẹni tí ó tún wọ̀n ọ́n. Nínú bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin, irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí àjọ NCAA dá báàtì kọ̀ǹpósíìtì dúró ní 2009: wọ́n rí i pé èyí tí ó yege nígbà tí ó wà ní tuntun lè kọjá ìwọ̀n lẹ́yìn tí a bá ti lò ó tàbí tí a bá ti yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Kóńgò ni lójú, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa. Báàtì mi náà sì rí bẹ́ẹ̀: àmì wà lára rẹ̀, àmì náà kò sì jẹ́ òtítọ́ mọ́. Bí adájọ́ eré bá mọ̀ pé ẹnì kan lo irú báàtì bẹ́ẹ̀ ní ìdíje ilé-ìwé girama, yóò lé e kúrò nínú eré. Orúkọ ọmọ mi ni ì bá bàjẹ́, kì í ṣe tèmi.

Nígbà tí ọkọ mi dé, tí ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò pariwo. Ó mú ayùn, ó gé báàtì náà sí méjì, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó dákẹ́, nítorí pé ó mọ̀ pé èmi náà mọ ìyókù òwe náà. Báyìí ni dọ́là 350 ṣe lọ.

Báàtì alumíníọ́mù rẹ̀ àtijọ́ ni ọmọ mi gbé lọ sí ìdíje. Ó gbá ìwọ̀nba tí agbára rẹ̀ mọ. Kò sí olùkọ́ eré kankan tí ó kọ lẹ́tà sí wa. N kò lè purọ́ fún yín pé òdodo sanwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà.

Ní oṣù kẹwàá ni a tó rí owó ra òmíràn. Ọmọ mi mú owó tí ó ń rí níbi irun dídì wá, èmi náà sì fi tèmi kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ní kí ó kọ́ mi. A kò lo bọ́ọ̀lù oníke tí ń jáde láti inú ẹ̀rọ, nítorí pé ó le jù fún báàtì tuntun. Ojúlówó bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń díje ni a lò. A kò gbá a ní ọjọ́ tí òtútù bá mú, tí ojú ọjọ́ bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 60 ti Fahrenheit lọ, nítorí pé òtútù lè mú kí ó là. Ó kọ́kọ́ gbá àádọ́ta pẹ̀lú ìlàjì agbára rẹ̀, kí ó tó máa fi kún un. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbá, ó ń yí báàtì náà díẹ̀ lọ́wọ́, kí gbogbo ara rẹ̀ lè rọ̀ bákan náà. Igba bọ́ọ̀lù ni a fi sí i ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin.

Èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù náà sí i. Mo dojú garawa dé, mo jókòó lé e lórí. Láàárín bọ́ọ̀lù kan sí èkejì ni ọmọ mi ń sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti sọ fún mi pé òun kò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà tí mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ pè é láti kékeré. Níbẹ̀ ni ó ti sọ fún mi pé ẹ̀rù mi ń ba òun. Ó ti tó ọdún méjì tí n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí mo sì rò pé kò sí ohun tí ó ń dùn ún. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹrin, ohùn báàtì náà yí padà láti pá sí pòó, ohùn tí ó jinlẹ̀, bí ìgbà tí iyán bá ti ń dé ojú rẹ̀ nínú odó. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ, a sì wo ara wa.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, bí ọmọ yín bá ń gba irú eré yìí, ẹ wo àmì àjọ lára báàtì kí ẹ tó rà á. Ẹ má ṣe ra àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Bí ó bá ti sán tàbí tí orí rẹ̀ bá ń mì, ẹ mú un kúrò ní pápá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun lè fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ohun tí igba bọ́ọ̀lù ń ṣe, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì padà sílé.

Bí ọmọ yín kò bá sì gbá bọ́ọ̀lù kankan, ẹ ṣáà wá garawa kan, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́.