Iyè Inú Àpótí

Ní ọdún 2019, wọ́n fi ìyá arúgbó kan tí ń sun rárà hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Mo gbà á sílẹ̀ sínú dẹkódà mi, nítorí mo fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọdún méjì kọjá, n kò kọ ìlà kan.

Ní òru ọjọ́ kan, ilé-iṣẹ́ tó ni dẹkódà fi ìlànà iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí i láti ara sátẹ́láìtì, tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè wa, pé kí àwòrán má baà máa dúró gbagidi mọ́. Iná ọba lọ kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọ̀kan tó ṣeé wò nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́! Mo ní kí a yọ díìsìkì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Oníṣẹ́ ní kò ṣeé ṣe, àpótí náà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún, bá mi wo ètò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n sun díẹ̀ nínú rárà náà sí mi létí. Ojú tì mí. Èmi tí mo ń kọ́ni pé odù Ifá jẹ́ 256, tí babaláwo sì ń kó ẹsẹ wọn sórí, ni mo fi iyè mi sínú àpótí.

Ẹ̀rọ kò burú. Ọ̀lẹ tí a fi ń ṣe ló burú. Mo mú bírò, mo jókòó ti ìyá mi.