Ta Ló Gé Ahọ́n Ìlù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé níbo ni mo ń yọ́ lọ ní gbogbo Sátidé, iṣẹ́ míksà ni. Mo ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé sípíkà lọ sóde àríyá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí á jókòó ti míksà gbàǹgbà kan, bọ́tìnnì á kún ojú rẹ̀ bí eyín àgbàdo. Tiwa ò ní bọ́tìnnì. Àpótí kékeré ni, ó ń gba ohùn 18 lẹ́ẹ̀kan, inú tábúlẹ́ẹ̀tì la ti ń darí ẹ̀ pẹ̀lú Wi-Fi. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni pé mo lè dìde, kí n lọ dúró lẹ́yìn àwọn ìyá tó wà lábẹ́ kánópì tó jìnnà jù, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́, kí n sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. (Gémù ni wọ́n rò pé mò ń gbá. Ìyá kan tiẹ̀ gbàdúrà fún àwọn òbí mi.)

Ọjọ́ ìsìnkú àgbà kan n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, ó sì ń wọnú máìkì ìyáàlù. Ni mo bá tan ohun kan tí wọ́n ń pè ní gate nínú áàpù. Ilẹ̀kùn ni lóòótọ́: ohùn tó bá lágbára tó ìwọ̀n tó o fi lélẹ̀, á ṣí fún un, èyí tí ò bá tó o, á tì í mọ́ta. Ariwo dákẹ́. Inú mi dùn, mo rìn lọ síwájú.

Ìgbà tí mo dé ibi tí àwọn ọmọ olóògbé ti ń jó ni mo tó gbọ́. Àbí kí n ní mi ò gbọ́. Bàbá Àyàn wà lórí pèpéle, sípíkà ló ń gbé ìlù ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ń ki òkú, ó ń rọra lu ohùn ìsàlẹ̀ bí àgbà ṣe ń rọra sọ̀rọ̀, gate sì ń ti gbogbo ẹ̀ mọ́ta. Ẹ jẹ́ ká ní Àdìsá ló fẹ́ pè. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì, ohùn òkè kan. Méjì àkọ́kọ́ ò jáde, ẹyọ kan tó kù ló dún. Kí nìyẹn? Ó lè jẹ́ "sá", ó lè jẹ́ "wá", ó tiẹ̀ lè jẹ́ "kú". Ọmọbìnrin olóògbé mú owó lọ́wọ́, ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè tí ò mọ̀ bóyá òun ni. Èmi yìí náà ni mò ń bá àwọn ará kíláàsì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o!

Mo ní kí n pa gate, tábúlẹ́ẹ̀tì ní òun ò rí míksà mọ́. Fóònù àti hotspot àwọn àlejò ti pọ̀ jù, 2.4 GHz kan náà ni gbogbo wa ń dù. Ẹ má rò pé ohùn á dákẹ́ o. Míksà ò nílò tábúlẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, àṣẹ tí mo pa kẹ́yìn ló ń tẹ̀lé. Mo sáré gba àárín àwọn ìkòkò ọbẹ̀ kọjá, mo fi wáyà so laptop mọ́ àpótí náà, mo ṣílẹ̀kùn.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ tú wọlé. Ìlù náà bá a wọlé. Bàbá Àyàn dánu dúró díẹ̀, ó tún oríkì náà bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọmọbìnrin yẹn sunkún kó tó nawó.

Ẹ̀gbọ́n mi já dé, ó ń bínú, ó ní ta ló jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa ké nínú sípíkà òun. Ó na ọwọ́ sí laptop.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ jẹ́ kí Bàbá parí ná."