Ẹmu Orí Ilẹ̀

Nígbà tí a dé oko ọ̀pẹ kan lẹ́yìn Ikpinlè, ní agbègbè Adja-Ouèrè, òkè ni mo ń wò. Mo ń wá adẹ́mu tí ó fi igbà gun ọ̀pẹ, bí àwọn ìbátan wa ní Nàìjíríà ti ń ṣe. Ilẹ̀ ni ọ̀pẹ náà wà. Wọ́n ti hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì ti sùn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lu ihò sí ọrùn rẹ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni bàbá adẹ́mu ń fi ọ̀bẹ ha ihò náà, tí ó sì ń fi iná wì í, kí ẹmu lè máa ṣàn.

Ó bu ti àárọ̀ fún wa: ó dùn bí oyin. Ó bu ti àná: ó kan, ó sì le. Èyí tí ó bá kan jù ni wọn yóò sè di sódàbí, ọtí tí ìjọba amúnisìn Faransé fòfin dè, ṣùgbọ́n tí kò parẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa kan, tí ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi dé oko àjàrà létí odò Garonne, sọ pé igi àjàrà kan a máa so fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọ̀pẹ yìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

“Bàbá, kò ha dùn yín bí ẹ ti hú u?”

“Ó ti ga jù, ọmọ mi. Àwọn tí ì bá gùn ún kọ ẹyìn rẹ̀ wà ní Kútọnu.”

Ó na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pẹ kékeré tí ó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tí ń ti ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè wá, ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922. Wọn kò tíì ga tó orúnkún. Ó sì tún bu ẹmu kún igbá mi.