Mo Jẹ Búrẹ́dì Oníwàrà N'Ílọrin

Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá l'ọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ wàrà ni, wàrà Ìlọrin, àti ohun tí mo rí tí wọ́n ń fi í ṣe lórí búrẹ́dì gbígbóná nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹ fara balẹ̀ kà á, owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá fún ẹni tó ń ta tíì tàbí tó ń ta búrẹ́dì.

Gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀ n'Íbàdàn ni mo ti wọ mọ́tò ní kùtùkùtù. Mọ́níyà, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Òtè, ó di Ìlọrin. Tí ẹ bá ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ó rí i pé ilẹ̀ ń yí padà. Igbó ń dín kù, pápá ń fẹ̀, agbo màlúù á máa sọdá títì bíi pé àwọn ló ni ín, dírẹ́bà á sì dúró dè wọ́n tipátipá. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti máa rí àwọn obìnrin Fúlàní, igbá lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tí wọ́n ń sáré bọ̀ nígbàkígbà tí mọ́tò bá dẹ ẹsẹ̀. Mo bi ìyá àgbà tó jókòó tì mí bóyá ká kúkú rà níbẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ ò rí oòrùn ni?” ni Màmá wí. “Tí o bá di wàrà sínú ọ̀rá nínú mọ́tò gbígbóná yìí, kó o tó délé á ti kan. Ọjọ́ tí o bá ń padà bọ̀ ni kó o rà á, kó o sì ní kí wọ́n bá ọ dín in.”

“Mo gbọ́, Màmá. Ẹ ṣé, Mà.”

Ẹni bá mọ Ìlọrin á mọ̀ pé àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gáà pọ̀ níbẹ̀. Gáà Akanbí wà, Gáà Ìmámù wà, àwọn mìíràn tún wà. Ibi tí Fúlàní darandaran bá tẹ̀dó sí ni à ń pè ní gáà. Ìlú ti fẹ̀ dé ibẹ̀, ilé alájà ti dúró síbi tí màlúù ń sùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ò kúrò. Gáà gidi, tó ní màlúù, ẹ̀yìn ìlú lẹ ó ti rí i báyìí. Ọlọ́kadà ló gbé mi dé ọ̀kan.

Ìyá tó gbà mí lálejò níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá Ìlọrin ju èmi tí mo ń pè é ní Yorùbá mi lọ. Wàrà tútù ọjọ́ náà ti wà nínú ìkòkò lórí iná igi, iná jẹ́jẹ́. Màmá já ewé bọ̀mubọ̀mu mélòó kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ mọ igi yẹn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń hù lẹ́bàá ọ̀nà àti lórí ààtàn, tí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ, oje funfun á jáde. Ó gún un díẹ̀, ó pò ó mọ́ wàrà díẹ̀ nínú igbá, ó sẹ́ ẹ, ó wá dà á sínú ìkòkò nígbà tí wàrà náà gbóná ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Kò rò ó púpọ̀. Ó koná mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa hó, ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: wàrà ti pín sí méjì, èyí tó dì ti léfòó, omi rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó jẹ́ kó hó dáadáa kí oje bọ̀mubọ̀mu náà lè kú, bó ṣe wí. Ó fi ìgbákọ kó èyí tó dì sínú apẹ̀rẹ̀ kéékèèké, omi ń ro sílẹ̀ tótó, tótó, títí tí wàrà fi rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jà, funfun, róbótó, tí àmì apẹ̀rẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ rí bọ̀mubọ̀mu lẹ́yìn ilé yín kí ẹ lọ máa já a. Oje yẹn le. Tó bá ta síni lójú, ó lè ba ojú jẹ́, tó bá sì pọ̀ jù nínú oúnjẹ, májèlé ni. Àwọn tó ń ṣe é ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ọwọ́ ìyá wọn.

Mo bi Màmá pé ta ló ń gba owó wàrà. Ó rẹ́rìn-ín. “Màlúù ti Bàbá ni. Wàrà tèmi ni.” Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárín àwọn Fúlàní darandaran: ọkọ ló ni agbo, ṣùgbọ́n wàrà àti owó tó bá mú wọlé, ìyàwó ló ni ín. Nínú rẹ̀ ni iyọ̀ ti ń jáde, nínú rẹ̀ ni ọṣẹ, bàtà ọmọ àti owó ìwé ti ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ra wàrà, ọwọ́ obìnrin ni owó rẹ̀ bọ́ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Ẹni tó ń ta ọṣẹ tàbí abọ́, tí kò bá tà lónìí, á tà lọ́la, ọjà rẹ̀ ò ní kan. Oníwàrà ò ní irú ọ̀la bẹ́ẹ̀. Nínú ooru wa yìí, láìsí fíríìjì, wàrà tó wà nínú omi rẹ̀ kò lè ju bí ọjọ́ 2 tàbí 3 lọ, ìyẹn bí wọ́n bá ń tún un sè. Àwọn oníbàárà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí ọ̀kan ní ọjà Ìpàtà tó ń rìn lọ rìn bọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, kó tó wá dá owó tí kò tó ìdajì. Oníwàrà náà wo ojú ọ̀run, ó wo igbá, ó gbà á. Ẹ̀yin ìyá mi, ọlọ́jà ni yín, ẹ mọ bó ṣe ń dunni. Èyí ò dáa.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí ohun tí mo bá lọ́dọ̀ àbókí onítíì kan létí títì lápá Gẹ̀rí Alimi. Òun àti ìyá oníwàrà kan ti bára wọn ṣàdéhùn. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú igbá Màmá lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, àbókí á gbà á ní iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, kò sí pé à ń ná an. Iye náà, n ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí kí ìwé ìròyìn yìí tó dé ọwọ́ yín, ó lè ti yí padà. Màmá ń gbé igbá òfìfo lọ sílé, àbókí sì ti rí ohun tó máa fi kún ẹyin díndín tí gbogbo onítíì ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe é. Ó gé wàrà pẹlẹbẹ, kó nípọn bí ìka ọwọ́ kan. Ó tẹ omi ara rẹ̀ dànù díẹ̀, kó má baà máa ta sókè nínú òróró. Ó wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí i, ó din ín nínú òróró tó gbóná dáadáa, tí kò sì pọ̀, títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Ata rodo, tòmátì àti àlùbọ́sà tó ti dín kalẹ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá gé búrẹ́dì Agége, ó yan án lórí wáyà tó gbé lé èédú, tojú tẹ̀yìn, kì í ṣe kó jóná o, kó ṣáà ti gan. Ó fi ata pa búrẹ́dì, ó to wàrà lé e, ó fi búrẹ́dì kejì bò ó, ó fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí páànù gbígbóná. Ó gé e sí mẹ́rin. Mo run ún wómúwómú! Ẹ̀yìn rẹ̀ gan, inú rẹ̀ rọ̀, ata ta mí lẹ́nu, tíì wá bò ó mọ́lẹ̀. Vulcanizer kan tó jókòó níwájú mi jẹ méjì, ó ní ó di àárọ̀ ọ̀la.

Ẹni tó bá ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí á máa bi mí pé, ṣé wàrà náà yọ́? Kò yọ́ o. Àwọn òyìnbó náà ń jẹ oúnjẹ tó jọ èyí, ó sì ti pẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Welsh rabbit, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti 1725, bẹ́ẹ̀ kò sí ehoro kankan nínú rẹ̀. Wàràkàsì ni wọ́n máa ń yọ́ pọ̀ mọ́ bíà àti músítádì, tí wọ́n á dà sórí búrẹ́dì yíyan. Hannah Glasse kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé oúnjẹ rẹ̀ ní 1747. Àwọn Faransé ní tiwọn, croque-monsieur, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀, n ò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa gbé e jókòó lẹ́bàá Ọjà Ọba n'Ílọrin.

Wàràkàsì tiwọn, bíi Cheddar tó gba orúkọ abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iná díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá gbé e pamọ́ fún oṣù púpọ̀ kó gbó. Ìyẹn ló fi ń yọ́ bíi bọ́tà. Tiwa ti hó lórí iná kó tó di wàrà, iná mìíràn ò tún lè bà á lẹ́rù. Nítorí náà, ẹ má gbé wàrà funfun lé búrẹ́dì kí ẹ máa retí pé á yọ́, ilẹ̀ á ṣú yín síbẹ̀. Ẹ dín in ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ òróró púpọ̀, ẹ fọwọ́ run ún wẹ́wẹ́, ẹ po ẹyin, àlùbọ́sà àti ata mọ́ ọn, ẹ fi pa ojú búrẹ́dì kan, kí ẹ wá da ojú rẹ̀ dé páànù tí òróró kàn díẹ̀. Ẹyin yẹn ló máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ búrẹ́dì. Tó bá jẹ́ ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ gé e kéékèèké, ẹ fi igi ìtayín gún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlejò fi ṣí ẹnu kí ìrẹsì tó jinná.

Kì í ṣe Ìlọrin nìkan ni wọ́n ti ń ṣe wàrà. Ní ìkọjá bọ́dà, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, wagasi ni wọ́n ń pè é, Parakou sì ni ọjà rẹ̀ ti gbóná. Àwọn tibẹ̀ máa ń fi èèpo ara pòpórò ọkà bàbà pa á láró pupa, ó máa ń dán lójú oníbàárà. Ọ̀nà tó gba Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn Yorùbá ẹgbẹ́ wa wà, ni wọ́n fi ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ rà, àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Tí wàrà bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí tí ó ti ń kan nímú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ bèèrè pé ṣé ti màlúù ni àbí ti ẹ̀wà sóyà, nítorí ti sóyà pọ̀ lọ́jà, òun náà dára, ṣùgbọ́n ẹ má san owó màlúù fún ẹ̀wà. Èyí tí ẹ bá sì rà, ẹ sè é tàbí kí ẹ dín in kí ọmọdé tó fi kan ẹnu, ọwọ́ púpọ̀ ló ti kàn án, eṣinṣin náà ò kẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn tí ẹ máa ń pariwo pé wàrà yín ju t'Ílọrin lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, kí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń dín in. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ kó hàn o, ọ̀gá wa tó ń ka lẹ́tà ti ń wọ jígí.