Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Kúrò Nílé

Àwa tí à ń fi kóòdù kíkọ jẹun, ìjókòó niṣẹ́ wa. A ó jókòó láàárọ̀, a ó jókòó di òru, ẹ̀yìn á máa ro wá, ikùn á máa yọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn ilé-iṣẹ́ Peloton kì í fi í sú wa sọ. Ara ẹni tó ń jókòó ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, kóòdù ni wọ́n sì fẹ́ fi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló kàn wá.

Ọ̀rọ̀ Faransé ni peloton. Níbi ìdíje kẹ̀kẹ́, òun ni wọ́n ń pe àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ra wọn bí agbo ẹran. Àwọn tó wà níwájú ló ń forí gba afẹ́fẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì sinmi díẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí ń tà kì í kúrò lójú kan, kò sì sí afẹ́fẹ́ kankan láti gbà nínú pálọ̀. Ìmẹ́lẹ́ ni agbo tiwọn ń bá èèyàn lé lọ.

Ní 2012 ni John Foley àti àwọn mẹ́rin míì dá a sílẹ̀ ní New York. Foley ti ṣe ọ̀gá ní ẹ̀ka tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Barnes & Noble, ilé ìtàwé ńlá Amẹ́ríkà. Òun àtìyàwó ẹ̀ fẹ́ràn kíláàsì kẹ̀kẹ́, irú èyí tí olùkọ́ máa ń wà níwájú, tí orin á máa dún, tí gbogbo èèyàn á jọ máa làágùn nínú yàrá kan. Ṣùgbọ́n ọmọ wà nílé, iṣẹ́ wà, àyè inú kíláàsì sì máa ń tètè tán. Wọ́n wá rò ó pé kí kíláàsì kúkú máa wá bá èèyàn nílé. Àwọn olówó ò tètè dá wọn lóhùn. Ta ló fẹ́ fowó sí irin wúwo nígbà tí áàpù ò wọ̀n nǹkan kan? Ní 2013, wọ́n gbé e lọ sórí Kickstarter, wọ́n sì rí owó tó lé ní 300,000 dọ́là. Ní 2014, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn tó rà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ẹ̀rọ yẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni adùn wà fún wa. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú kí ẹsẹ̀ wúwo. Èèyàn á yí kókó pupa kan, á tún le sí i. Ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí po láàárín ìṣẹ́jú kan, á wo bó ṣe wúwo tó, á sì fi méjèèjì ṣírò agbára tí èèyàn ń lò. Ìṣirò yẹn ló ń lọ sọ́dọ̀ sáfà, tí sáfà á fi to gbogbo èèyàn lẹ́sẹẹsẹ sójú síkíríìnì, láti ẹni iwájú dé ẹni ẹ̀yìn. Android ló wà nínú síkíríìnì ọ̀hún, irú èyí tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ yín. Kò sí idán níbẹ̀. Ibi tó ti wá dùn ni pé kíláàsì tí wọ́n ti ṣe lọ́dún tó kọjá náà ní àtẹ tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gùn ún dé ìṣẹ́jú 12, iye tí àwọn tó ti gùn ún ṣáájú yín ní ní ìṣẹ́jú 12 tiwọn ni wọ́n á gbé síwájú yín. Ẹni tó ti wẹ̀, tó ti sùn, tó tiẹ̀ lè ti ta kẹ̀kẹ́ tiẹ̀, ẹ̀yin àti ẹ̀ ṣì jọ ń fà á. Tábìlì dátà kan àti òǹkà àkókò kan, ó ti di ará àdúgbò! Ẹni tó ń kọ kóòdù tó rí èyí tí kò rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ti sú u.

Ohun tí kóòdù ò lè ṣe, àwọn olùkọ́ ló ń ṣe é. Wọ́n á pe orúkọ ẹni tó bá gùn ún pé ìgbà 100, inú onítọ̀hún á dùn títí alẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ni Tunde Oyeneyin, tí àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà bí ní Texas, tó ń ṣiṣẹ́ mékọ́ọ̀pù kó tó débẹ̀ ní 2019. Ká má purọ́, nígbà tá a kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn, orí wa wú.

Ní 2019, kẹ̀kẹ́ náà lé díẹ̀ ní 2,000 dọ́là, owó oṣooṣù sì jẹ́ 39 dọ́là. Irin ni wọ́n gbé síta, àmọ́ owó oṣooṣù gan-an lọjà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ Nasdaq, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé nínú 100 oníbàárà, 95 ṣì wà pẹ̀lú àwọn lẹ́yìn oṣù 12. Wọ́n wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án 2019, 29 dọ́là ni ìpín ìdókòwò kan. Lọ́jọ́ náà gan-an ló já wálẹ̀. Àfi bí Kòrónà ṣe dé. Jíìmù tì, kónílé-ó-gbélé. Owó tó wọlé fún wọn ní ọdún ìṣúná 2019 jẹ́ 915 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2021, ó ti di bílíọ̀nù 4. Ìpín kan lé ní 160 dọ́là. Wọ́n fẹ́ fi 420 mílíọ̀nù ra Precor, wọ́n rà á. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ilé ìṣelọ́pọ̀ 400 mílíọ̀nù sí Ohio.

A mọ àwòrán yẹn dáadáa. Kò sí ilé-iṣẹ́ tá a ti ṣiṣẹ́ rí tí kò ní ìlà kan tó ń gòkè lórí síkíríìnì ara ògiri. Ìlà yẹn ni wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́. Jíìmù wá ṣí padà. Ní Oṣù Kejì 2022, 2,800 òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́, Foley fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ fún Barry McCarthy, ilé Ohio di àlá. Àdánù ọdún ìṣúná yẹn jẹ́ bílíọ̀nù 2.8. Nínú àwa márùn-ún tá a jọ jáde ní yunifásítì, méjì ni wọ́n ní kó máa lọ sílé láàárín àkókò yẹn, láwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ta kẹ̀kẹ́ rí. Ìmeèlì dé ọ̀kan ní ìdájí. Kó tó kà á tán, kọ̀ǹpútà ti tì mọ́ ọn lójú.

(Ìgbà kan wà tí eré And Just Like That pa ọkùnrin kan lẹ́yìn tó sọ̀kalẹ̀ lórí Peloton, tí ìpín wọn sì já. Eré lásán o!)

Ohun tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa kì í ṣe owó. Ẹ̀rọ ìsáré wọn ni, Tread+. Ní Oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n pè é padà, nǹkan bíi 125,000, torí ọmọdé kan ti kú, ìṣẹ̀lẹ̀ míì sì lé ní 70. Ìjọba ti kìlọ̀ ní oṣù tó ṣáájú, ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ bá wọn jà, kí Foley tó wá tọrọ àforíjì. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi sọ́fúwíà tuntun ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ má lè yí láìtẹ nọ́ńbà àṣírí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò bá san owó oṣooṣù ò lè lo títì náà, torí náà ẹ̀rọ tó fi ju 4,000 dọ́là rà ò ní yí rárá. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n sì fún wọn ní oṣù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ ná. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ ló ṣe pàtàkì, kí wọ́n tì í ná. Àwọn yòókù ní ẹni tó bá lè ti nǹkan láti New York, òun gan-an ló ni nǹkan náà. Ní tiwa, ẹ̀mí ọmọ kì í ṣe ibi tó yẹ kí èèyàn ti máa yẹ owó wò.

Ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà. Ní àárín 2024, bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn ló ń sanwó oṣooṣù lórí ẹ̀rọ wọn, tó ti di 44 dọ́là. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n ní ẹni tó bá ra àlòkù ní Amẹ́ríkà á san 95 dọ́là kí wọ́n tó ṣí i fún un. Wọ́n ti wà nílùú Ọba náà láti 2018, ọ̀kan nínú wa tó wà ní Leeds sì ti rí àlòkù lọ́dọ̀ aládùúgbò tó fẹ́ kó lọ. Ó bi wá lórí WhatsApp bóyá kóun rà á. A bi í pé tí wọ́n bá pa sáfà lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ó ní mágínẹ́ẹ̀tì ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ òun á ṣì máa yí. A ní ta ló máa wá pe orúkọ ẹ nígbà tó bá pé 100? Kò tíì dáhùn. Ó ní òun wà nínú ìpàdé.