Kòkó Ẹnubodè

  Ohun mímu tí ilẹ̀ Yewa, níbi tí Ìlaró wà, ní láti tà fún ayé, kòkó ni.

Igi tó fẹ́ràn ibòòji ni. Ara igi gan-an ni èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ṣóńṣó ẹ̀ka bíi ti ọsàn; òmíràn tilẹ̀ ń so sísàlẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kó kanlẹ̀. Ìlà gbọọrọ gbọọrọ wà lára èso náà láti orí dé ìdí. Tó bá pọ́n, wọ́n á fi dòjé tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá gé èyí tó wà lókè, wọ́n á fi àdá gé èyí tí ọwọ́ bá tó. Àgbà olóko kì í gbà kí ọmọdé fà á ya, torí ojú tí ó ti yọ lọ́dún yìí náà ni yóò ti yọ lámọ́dún.

Tí wọ́n bá là á, hóró bí ọgbọ̀n sí ogójì ló wà nínú rẹ̀, omi funfun tó ń yọ̀ sì bò wọ́n. Àwọn ọmọdé máa ń lá a, ó dùn. Wọ́n á kó hóró náà sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi òmíràn bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á sì máa tú u yí. Tí o bá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì yẹn lọ́jọ́ kẹta, kíá ni wàá fà á yọ: ó gbóná, òórùn kíkan rẹ̀ sì ń ta nímú. Inú ooru yẹn ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, títí tí yóò fi máa dún wàràwàrà tí wọ́n bá fọwọ́ gbá a. Àwọn kan ń sá a sí etí títì ọlọ́dà kí ó lè tètè gbẹ. Èmi ò fara mọ́ ọn. Èéfín mọ́tò kì í ṣe èròjà.

Ọ̀bẹ ló ń mọ ẹni tó kánjú. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò á mú 300 hóró, á là wọ́n sí méjì. Èyí tí wọ́n bò dáadáa, inú rẹ̀ á pọ́n, á sì là yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Èyí tí wọn kò bò tó, àwọ̀ eérú ló máa ní.

Nǹkan bí 1880 ni Kápútéènì J.P.L. Davies gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn, nítòsí Agége. Agége yìí náà ni J.K. Coker ti di gbajúgbajà olóko, tí àwọn alágbàṣe sì ti ń gbé irúgbìn lọ sílé. Nígbà tí kòkó fi máa gbilẹ̀ ní Ìlaró, àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 ti là wá láàrin: Kétu, Ìpòbẹ́ àti Ṣakẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A.I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi odidi ìwé kan ní 1976 ṣàlàyé bí ọ̀nà àwọn ẹbí kan náà ṣe yà. Ní 1930, rélùwéè yà ní Ifọ̀, ó gba Ìlaró dé Idogo, ẹrù oko sì rí ọ̀nà dé Èkó.

Ṣùgbọ́n kòkó mọ ọ̀nà mìíràn. Láti 1947 ni bọ́ọ̀dù ìjọba ti ń dá iye owó kòkó lé olóko lọ́wọ́. Nígbà tí iye náà kò wá dára mọ́, pàápàá láàrin 1970 sí 1986, tí owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná lápá Faransé sì níyì ju náírà lọ lọ́jà gidi, fàyàwọ́ gbilẹ̀. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, apá Faransé ìjọ́un, ń kó kòkó tí oko rẹ̀ kò so ránṣẹ́ sí òkè òkun. Mi ò lè dá olóko lẹ́bi: ìbátan rẹ̀ ló wà lódìkejì ẹnubodè.

Ní 1986 ni ìjọba fòpin sí bọ́ọ̀dù náà. Owó olóko gbéra, àmọ́ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń yẹ kòkó wò kú tì. Oníbàárà tó ń sáré kò bìkítà bóyá kòkó gbẹ tàbí kò gbẹ, kòkó Nàìjíríà sì pàdánù iyì rẹ̀ lọ́jà àgbáyé.

Ní ìparí 2024, nígbà tí ìkórè Gánà àti Ivory Coast kò dára, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 ní New York. Bí owó bá gòkè bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í wù kó gbin kòkó, títí kan ẹni tó wà lápá Ayétòrò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kòkó ń lò kó tó so, nígbà tó sì di 2025, owó náà ti ń já wálẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbìn láti ṣíji bo kòkó kékeré ni yóò kọ́kọ́ mówó wálé.