Ẹgbẹ́ Olórin Tí Mo Fi Ọkàn Tò

Bí iná mànàmáná bá lọ lóru, tí ẹ̀rọ orin dákẹ́, tí ooru kò sì jẹ́ kí oorun ó kun ènìyàn, eré kan wà tí mo máa ń bá ara mi ṣe: n óò bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹgbẹ́ olórin tí ojú kò rí rí, tí etí kò sì gbọ́ rí, n óò pe òkú, n óò pe alààyè, n óò fi àwọn tí ó ti fi orin bú ara wọn jókòó sórí àga kan náà, nítorí pé kì í ṣe ohùn ni mo fi ń yàn wọ́n bí kò ṣe orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ àti ìṣe tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ọmọ. Bóyá ti ọmọ ni wọ́n mọ̀. Ní ti olórin ilẹ̀ wa, orúkọ kì í sábà ro ẹni tí ń jẹ́ ẹ, aládùúgbò rẹ̀ ni ó máa ń rò.

Ẹ wo ààfin tí mo kọ́kọ́ tò. King Sunny Adé ni mo fi jọba, Queen Oladunni Decency àti Queen Salawa Abeni ni olorì, Sir Shina Peters ni ẹmẹ̀wà, Baba Sala ni aláwàdà ọba, bẹ́ẹ̀ Baba Sala yìí gan-an ni ọ̀gá tí Sunny lu gìtá lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń yọ̀ pé ìlú tòrò ni Tunde King, àgbà ọ̀jẹ̀ oníjùjú Èkó, gbé bánjò rẹ̀ wọlé. Ọba kì í pé méjì láàfin. Èwo ni kí n lé? Ti Tunde, orúkọ ìdílé ni, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún rẹ̀. Ti Sunny, àwọn olólùfẹ́ orin ni ó dé e ládé, bẹ́ẹ̀ òun ni ọmọ ọba Oǹdó ní tòótọ́.

Ẹgbẹ́ kejì kò tilẹ̀ lè ya fọ́tò. Ayàwòrán ní kí gbogbo wọn dìde, Haruna Ishola, Baba Gani Àgbà, ẹni tí í jókòó kọrin láàárín àwọn onílù rẹ̀, kò mira. Ó ní kí wọ́n ṣí ojú, Lágbájá kọ̀. Ó ní kí wọ́n wọṣọ, Fela dúró ti òun ti pátá nìkan. Victor Olaiya ṣàánú, ó fa aṣọ ìnujú funfun rẹ̀ yọ, ó nà án sí Fela, ṣùgbọ́n aṣọ ìnujú a máa bo ìwọ̀nba ni.

Ẹgbẹ́ ológun ni mo fẹ́ràn jù. Chief Commander Ebenezer Obey ni olórí, General Prince Adekunle ń tẹ̀ lé e, Admiral Dele Abiodun sì ni mo fi ọkọ̀ ojú omi lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Tunde King ni yóò bá mi tu ọkọ̀ náà, nítorí òun ni ó bá ọkọ̀ òkun lọ ní 1939, tí kò fìdí kalẹ̀ padà sí Èkó títí di 1954. General Kollington Ayinla nìkan ni orúkọ rẹ̀ fẹ́ bá a mu, nítorí ó ti ṣe sójà rí. Sikiru Ayinde, ẹni tí ó wọ aṣọ ológun nígbà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970, orúkọ amòfin ni ó ń jẹ́, Barrister. Ó wá kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn jọ, ó pè wọ́n ní Supreme Fuji Commanders, ó di pé agbẹjọ́rò ń pàṣẹ fún agbo ọ̀gágun!

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú wọn. Ẹni tí ń fi ohùn gbé olówó gorí ẹṣin láti alẹ́ Sátidé títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ó yẹ kí òun náà rí nǹkan gùn. Ìdààmú tí ó kù mí kù nìyí: bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá mọ olórin kan tí oyè rẹ̀ kò ga ju sájẹ́ǹtì lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi, nítorí ẹrù ìlù pọ̀ nílẹ̀, gbogbo ẹni tí mo kó jọ ni ó sì ń pàṣẹ.